Ògiri Tí Tiwátọ́pẹ́ Fọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ Nehemiah Adéjọbí, kó yáa mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà fi yẹ kòkó wò fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọgbọ̀n ọdún yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó la kóró kòkó sí méjì, kó wo inú rẹ̀, kó sọ bóyá ó dára tàbí ó ti bu. Ojú tó fi wo kòkó náà ló fi ń wo ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin ti wá tọrọ Tiwátọ́pẹ́ nílé wọn ní Ọ̀tapẹ̀tẹ́, Iléṣà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni bàbá sì rí ibi tó bu lára wọn: ọ̀kan ń mutí, èkejì ń dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Nígbà tó fi máa di ọdún 1995, Tiwátọ́pẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ń ṣe tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì kan ilẹ̀kùn wọn mọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, Màmá Susannah, ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló sì ń gbààwẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ yìí ní gbogbo ọjọ́rú.

Oṣù kejì ọdún yẹn ni dókítà àgbà kan, tí ọgbà rẹ̀ kángun sí tiwọn, ránṣẹ́ sí Òṣogbo pé kí wọ́n wá bá òun lẹ bébà sára ògiri pálọ̀. Láti ìgbà tí Òṣogbo ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀. Ọ̀gá tó bá kọ́lé, ọ̀dà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ó fẹ́ kí ògiri òun náà wọṣọ.

Tiwátọ́pẹ́ lọ dá ìwé orin padà fún ìyàwó dókítà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Bó ti yọjú sí pálọ̀, ó bá ọkùnrin kan lórí tábìlì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi di bébà gígùn kan mọ́ ògiri.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn," ni ọkùnrin náà wí láì wẹ̀yìn. "Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó dúró ṣánṣán?"

"Apá òsì ń wálẹ̀."

Ó sún un. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ku díẹ̀. Ẹ tún gbé e sókè. Ó ti tó."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó wá wò ó dáadáa. "Ẹni mẹ́ta ló ti kọjá ṣáájú yín. Gbogbo wọn ló ní ó dára."

Jibril lorúkọ rẹ̀, ọmọ olóògbé Mùyídéènì, láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Tiwátọ́pẹ́ ò mọ èyí tí ì bá wò, bóyá ọkùnrin náà ni tàbí ohun tó lẹ̀. Bébà náà pupa bí ata tó pọ́n, òdòdó aláwọ̀ wúrà tó tóbi tó àwo oúnjẹ sì gbilẹ̀ káàkiri ojú rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án. Ó nípọn, ojú rẹ̀ ń yọ̀ bí rọ́bà. Jibril ṣàlàyé pé Èkó ni òun ti ń ra bébà, ṣùgbọ́n láfún ni òun fi ń se ohun tí òun fi ń lẹ̀ ẹ́, bí àwọn aládìrẹ ilé wọn ti ń sè é.

"Bàbá mi ló kọ́ mi," ló wí. "Èyí tí mo ń ṣe yìí, eré ni. Iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù lọ wà ní pálọ̀ wa. Kò sí ọlọ́lá kan tó ní irú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ máa rí i."

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni pálọ̀ dókítà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Jibril fi ṣe é. Ìyàwó dókítà kì í ṣe ọmọdé, ó mọ̀ pé kì í ṣe bébà ló ń dá a dúró.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Jibril ò parí tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wọ ọkọ̀ wá sí Iléṣà. Wọn á rìn láti ilé-ìwé dé ẹ̀bá ilé, ọ̀rọ̀ a máa pọ̀ lẹ́nu wọn, títí wọn á fi dé ibi tí bàbá lè rí wọn, Jibril á sì yà. Ní ọ̀sẹ̀ tí kò bá wá, Tiwátọ́pẹ́ á máa ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó, àwọn ọmọ kíláàsì á sì máa tún un ṣe fún un. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó tún ń bẹ̀rù. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ní ọmọ ọjọ́ ogójì, báwo ni yóò ṣe sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìmàle ni òun rí?

Màmá Susannah ló bá a sọ ọ́. Wọ́n jókòó síwájú bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lóṣù karùn-ún.

"Ìmàle," ni Nehemiah wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Tiwátọ́pẹ́ dáhùn lórí ìkúnlẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń lẹ bébà sára ògiri, sà."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èmi fi ayé mi ṣí inú nǹkan wò. Ìwọ lọ rí ẹni tó ń bo ojú rẹ̀."

"Nehemiah," ni Màmá Susannah dá sí i, ahọ́n Ìjèṣà rẹ̀ ò sì yí padà bó ti wù kó pẹ́ tó, "ọmọ rẹ ń dàgbà nínú ulé rẹ. Uṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe olè. Jẹ́ kí n lọ wo ibi tó ti wá."

Bí Màmá Susannah ṣe di alárinà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí Òṣogbo kí ìyá Jibril, Àlàájà Sikirat, tó gbà láti bá a jókòó dáadáa. Obìnrin náà ti ń rẹ aṣọ láró látìgbà èwe, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mẹ́ta. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn, kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ohun tó sọ fún Màmá Susannah kò gùn. Ó ní ọmọ Ìjèṣà ni, ọmọ onígbàgbọ́ ni, tísà tún ni, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jókòó ti ìyá tí kò ríran?

Nehemiah gbọ́ ọ. Ó wá sọ ibi tí òun dúró sí, kò sì jẹ́ kó ṣòro láti yé ẹnikẹ́ni.

"Kí kálukú mú ẹ̀sìn rẹ̀, ìyẹn ṣeé sọ. Èyí tí mi ò lè gbà ni kí ọmọ mi wọ ilé tí wọ́n á kàn máa fara dà á. Ẹnu ìyá ọmọkùnrin yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Bó bá ní òun fẹ́ Tiwátọ́pẹ́ nínú ilé òun, mo gbà. Bó bá ní òun ò fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ Òṣogbo létí mi."

Èsì Àlàájà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà wá lo Sátidé sí Sọ́ńdè lọ́dọ̀ òun nígbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi. Kálukú mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ọmọ sì ni ilé náà ń wò kó tó sọ ọ́ ní ìyàwó.

"Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá Susannah kìlọ̀ fún un. "Ọlọ́run á gbọ́. Kí oòrùn tó yọ, kí ulé ti mọ́. Má dúró kí wọ́n rán ọ. Ìyá ọkọ kì í gbàgbé òwúrọ̀ àkọ́kọ́."

Àṣálẹ́ Sátidé ni ó dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ti mú iná lọ, àtùpà kan ló wà nílẹ̀ ní pálọ̀, nítorí náà Tiwátọ́pẹ́ ò rí ju ojú àwọn tó jókòó lọ: Àlàájà nínú ìborùn funfun, Kifayat àbúrò Jibril, àti Jibril fúnra rẹ̀ tí kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Àlàájà béèrè àlàáfíà àwọn ara Iléṣà. Ó tọ́ ọbẹ̀ tí Tiwátọ́pẹ́ sè wò, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé." Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ nǹkan mìíràn. Jibril lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òkè Baálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí yóò sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, Kifayat mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ sí àsàlátù. Tiwátọ́pẹ́ nìkan ló kù nílé. Ó gbálẹ̀, ó fọ abọ́, ó pọn omi kún àmù, ó nu fèrèsé. Nígbà tó fa kọ́tìnì pálọ̀ sápá kan kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ó rí ògiri náà.

Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára kọ́tìnì. Pupa kan wà níbẹ̀ tí ohun dúdú-dúdú bíi èéfín ti bò, wúrà kan wà tó ti ṣú bíi bàbà àtijọ́. Ìlà wẹ́wẹ́ tàn káàkiri lójú bébà náà bíi sísán ilẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀, igun rẹ̀ lókè sì ní àbàwọ́n bí ibi tí òjò ti jò. Ṣé iṣẹ́ tí Jibril ń fi yangàn nìyí? Àánú ṣe é débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Ó rò ó pé ìyá ò ríran, Kifayat ń jí lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Jibril ń tún ilé onílé ṣe kiri, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èéfín àtùpà àti òjò ti jẹ iṣẹ́ bàbá tán. Òun ni yóò wá tú u sílẹ̀. Òun ni yóò gbé e padà fún wọn.

Ó bu omi sínú báàfù, ó mú ọṣẹ àti kànìnkànìn. Ó kọ́kọ́ dán an wò nísàlẹ̀. Ohun dúdú náà ṣàn wálẹ̀ bí omi tíì, wúrà sì yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyìn lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. Ó fọ̀ ọ́ sókè, ó fọ̀ ọ́ sápá ọ̀tún. Nígbà tó fi máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ibi tó ti fọ̀ ti fẹ̀ tó ilẹ̀kùn.

Ó yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Jibril ni. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Tiwá, kí lo ń ṣe yẹn?"

"Mò ń fọ ìdọ̀tí kúrò. Wò ó, wo bó ṣe ń dán lábẹ́."

Jibril jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi tó dà sílẹ̀. "Ìdọ̀tí kọ́ ni," ló wí. "Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún."

Ó wá ṣàlàyé fún un. Ní ọdún tí bàbá kú, kó tó kú, ó se èèpo igi pọ̀ mọ́ ewé tíì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ìyẹ́ adìẹ kun gbogbo pálọ̀ náà, ìlà kọ̀ọ̀kan, àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan, títí bébà náà fi dà bí èyí tó ti wà láàfin ọba láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Àgbà. Àwọn olówó wá rí i, wọ́n ní kó ṣe irú rẹ̀ fún àwọn, ó kọ̀. Láti ọdún mẹ́jọ, Àlàájà ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi àkísà gbígbẹ pàápàá kàn án.

Tiwátọ́pẹ́ ju kànìnkànìn sínú báàfù. Ọṣẹ ń hó lọ́wọ́ rẹ̀.

Jibril dìde lójijì. "Aago mẹ́jọ ò tí ì lù. Wọn ò ní dé títí di mẹ́wàá. Èèpo igi wà nínú yàrá, tíì wà. Mo mọ bó ṣe pò ó. Mo lè kùn ún padà."

"Màmá á mọ̀."

"Ojú wọn ò dé ibẹ̀ mọ́, Tiwá. Wọn ò ní mọ̀ láéláé. Kifayat ò sì ní wo ògiri."

Ó sáré lọ gbé iná sítóòfù. Ó pò ó, ó fẹ́ ẹ tutù, ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Tiwátọ́pẹ́ dúró, ó ń wò ó. Ìlà àkọ́kọ́ tó fà, ó jọ tàwọn tó kù bí ìbejì. Bóyá nǹkan ò tí ì bàjẹ́. Wákàtí kan péré, òun yóò sì di ìyàwó nílé yìí, bàbá òun yóò gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ á tán.

Ṣùgbọ́n ó rí ọjọ́ iwájú náà pẹ̀lú. Ó rí ìyá náà lórí àga rẹ̀, tí ó kọjú sí ògiri, tí yóò máa sọ pé ọwọ́ ọkọ òun nìyí, tí òun Tiwátọ́pẹ́ yóò sì máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́la, lọ́dún tó ń bọ̀, títí ìyá yóò fi kú.

"Jibril, dúró."

Kò dúró.

"Mo ní kó o dúró. Nu èyí tí o kùn kúrò. Màá sọ fún wọn."

"Bí o bá sọ fún wọn, ó parí. O mọ ohun tí bàbá rẹ sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé o fẹ́ kó parí ni?"

"Mi ò fẹ́ kó parí," ni Tiwátọ́pẹ́ wí, ó sì bú sẹ́kún níbẹ̀. "Mo fẹ́ ọ, Jibril. Mi ò fẹ́ ẹnì kankan bí mo ṣe fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa rẹ́ ìyá tí kò ríran jẹ nínú ilé rẹ̀."

Nígbà tí Jibril ò mira, òun fúnra rẹ̀ gba àkísà, ó nu ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti kàn kúrò.

Nígbà tí Àlàájà wọlé, orí ìkúnlẹ̀ ló bá a. Tiwátọ́pẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, àfi ti búrọ́ọ̀ṣì Jibril nìkan ni kò mẹ́nu bà. Àlàájà ní kí Kifayat mú òun débẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà láti òkè wá sísàlẹ̀, ó pa ibi tí kò fọ̀, ó tún padà sí ibi tó fọ̀.

"Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni, mà. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí." Ìyá náà ò gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Nígbà tí dókítà sọ ohun tó ń ṣe ọkọ mi fún wa, ọkọ mi ní, 'Sikira, a ò ní jọ gbó.' Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í se èèpo igi. Oṣù mẹ́ta ló fi kun ilé yìí, àìsàn sì wà lára rẹ̀. Ó ní bí òun ò bá lè bá mi gbó, ògiri yóò bá mi gbó. Ó ní kí n máa wò ó, pé bí à bá ti rí nìyẹn."

Àlàájà fi ìborùn nu ọwọ́.

"Mi ò bú ọ, ọmọ mi. Mi ò sì ṣépè fún ọ. Ṣùgbọ́n máa lọ sílé bàbá rẹ. Kifayat, bá a di ẹrù rẹ̀."

Ní Iléṣà, Nehemiah gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin láì dá a mọ́ ọn lẹ́nu. "Mo ní ẹnu ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́," ló wí. "Mo ti gbọ́ ọ." Ó wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Màmá Susannah dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó ní ẹnu òun ló kó bá ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Tiwátọ́pẹ́ sọ ti búrọ́ọ̀ṣì Jibril fún un, ó tún wá bínú. "Ọmọkùnrin yẹn ní òun á tún un ṣe. Uṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí ló dé tí o ò jẹ́ kó ṣe é? Ìwọ nìkan ni olóòótọ́ tó wà láyé?"

Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ni Tiwátọ́pẹ́ náà bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé wọlé, ó ń kọ́ ọmọ, ó sì ń kọrin ní kwáyà. Ìrònú pé Jibril fẹ́ rẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ ń dùn ún. Ìrònú pé nítorí òun ló ṣe fẹ́ ṣe é tún ń dùn ún ju ìyẹn lọ.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá kí Jibril tó wá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ó ti rù.

"Mo sọ fún Màmá," ló wí. Kò kí i pàápàá. "Wọ́n ń sọ pé ìwọ ò mọ iyì nǹkan. Mi ò lè gbọ́ ọ mọ́. Mo sọ fún wọn pé mo ti mú búrọ́ọ̀ṣì, pé ìwọ lo nu ohun tí mo kùn kúrò."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Lánàá ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n wá bẹ bàbá rẹ, kó mú ọ wá sí Òṣogbo. Òun fúnra rẹ̀. Wọn ò sọ ìdí tí wọ́n fi pè yín."

Ẹ wo irú ènìyàn tí Nehemiah jẹ́. Ó ti ní kí wọ́n má dárúkọ Òṣogbo, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún la kòkó kì í lè kọjá kóró tí wọn ò tí ì là. Ó wọ agbádá rẹ̀ ní Sátidé, òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá títí wọ́n fi wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọ̀sán gangan ni, kọ́tìnì pálọ̀ sì ṣí. Àlàájà jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú ògiri. Ó kí Nehemiah tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Nehemiah náà kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tó ti tò jọ lọ́nà. Àlàájà dá a dúró.

"Bàbá, kì í ṣe ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò. Ọmọ tí mo bí fẹ́ fi ojú mi tó fọ́ tàn mí jẹ. Ọmọ yín tí mi ò bí ni kò jẹ́. Bí wọ́n bá ti kùn ún ni, ibi tí ọkọ mi ò sí ni ǹ bá máa kọjú sí, tí ǹ bá máa kí i. Ìyẹn ni mo ń rò láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n mi ò tí ì mọ ohun tí màá sọ." Ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. "Tiwátọ́pẹ́ dà? Wá síbí."

Tiwátọ́pẹ́ wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.

"Ibi tí o fọ̀ yẹn, Kifayat ní ó ń dán. Jibril ní ó ń dán. Mi ò mọ èyí tí wọ́n ń sọ nítorí àánú mi. Ìwọ lọ wò ó, kí o sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí. Má fi nǹkan kan pamọ́."

Tiwátọ́pẹ́ lọ síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò tí ì fojú kàn án, lọ́jọ́ náà pàápàá omi àti ọṣẹ ló wà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń máàkì ìwé ọmọ kíláàsì.

"Ó pupa fòò, mà. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ìyókù. Òdòdó mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wúrà wọn mọ́lẹ̀. Etí ibi tí mo fọ̀ dé ò dáa, ó rí wúruwùru. Apá ìsàlẹ̀ ní ibi tí mo ti fi kànìnkànìn ha bébà." Ó tún tẹrí ba sí i. "Nǹkan kan wà níhìn-ín, mà. Lábẹ́ òdòdó kejì. Àbàwọ́n ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tàwọn yòókù. Àwọ̀ aró ni. Ó rí bí ìka ọwọ́. Ìka mẹ́rin. Mo ti fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kò lọ."

Àlàájà dìde láì pe Kifayat.

"Mú mi débẹ̀," ló wí.

Tiwátọ́pẹ́ mú un lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ náà lé ibẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan lórí ìka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá ara wọn mu. Ọwọ́ ti hun jọ, àmì náà sì jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni.

"Èmi ni," ni Àlàájà wí. "Ọ̀sẹ̀ tí a kó wọ ilé yìí ni. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ bébà yìí tán, owó oṣù bíi mélòó ló kó lé e lórí. Mo ti ìdí ìkòkò aró wọlé wá wò ó, mo fọwọ́ ti ògiri. Mo ti gbàgbé. Mo ti gbàgbé pátápátá." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ di ẹrù mi. Mo rò pé yóò lé mi lọ sílé bàbá mi."

Jibril ti yíjú sí fèrèsé. Nehemiah bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Kò lé mi," ni Àlàájà wí. "Ó ní ilé tí obìnrin ò bá tí ì ba nǹkan kan jẹ́ nínú rẹ̀, kò tí ì di ilé rẹ̀."

Ó yíjú sí ibi tí ó ti ń gbọ́ mími Nehemiah, ó sì di ọwọ́ Tiwátọ́pẹ́ mú gírígírí.

"Bàbá, wọ́n ní ẹnu mi lẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un padà lọ sí Iléṣà kí a tó dá ọjọ́."